Òrí Tí Mo Fi Pa Apá Àdán

Ọkùnrin tí mò ń retí yẹ kó ga. Ó yẹ kí ojú rẹ̀ jinlẹ̀ bí odò, kí irun rẹ̀ máa dán, kó sì wọ Ìsàn-Èkìtì nínú mọ́tò tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí sẹ́yìn. Mo ti kàwé tó láti mọ̀. Àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí à ń yá ara wa ní ilé-ẹ̀kọ́ girama títí èèpo iwájú wọn fi já dànù, mo kà wọ́n nídìí ààrò, mo kà wọ́n lábẹ́ igi kòkó, mo kà wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì nínú ìwé orin nígbà tí àlùfáà ń wàásù. Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fẹnu kò mí lẹ́nu rí, àmọ́ bí wọ́n bá ṣe ìdánwò lórí ìfẹnukonu, èmi ni n bá gba ipò kìíní ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́.

Ọkùnrin tó wá dé gun ọ̀kadà. Ó kúrú. Eruku ọyẹ́ ti kun ojú rẹ̀ bí ẹni tó sùn sínú àpò èlùbọ́, ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú, ó sì gbé àwọ̀n ńlá kan sórí itan. Ó dọ̀bálẹ̀ kí màmá mi, ó ní Ọbáfẹ́mi lorúkọ òun, òun ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì, òun sì fẹ́ yá sítóò kòkó bàbá wa àgbà fún oṣù kan.

"Kí lo fẹ́ kó sí i?" ni màmá mi bi í. Ó ti pẹ́ tí kòkó ti wọ sítóò yẹn kẹ́yìn.

"Àdán, mà."

Màmá mi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "O fẹ́ máa tà á?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ máa wo bí wọ́n ṣe ń fò."

"O ò sì ní í jẹ ẹ́?"

"Mi ò ní í jẹ ẹ́, mà."

Màmá mi yíjú sí mi. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rú u lójú, èdè ìlú wa ló máa ń padà sí. "Morìnsọ́lá, wá gbọ́ irú uṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ulé ìwé gíga o. Lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá fún un."

Nígbà tí mo ń gbé kọ́kọ́rọ́ fún un, ìka rẹ̀ kan ìka mi. Nínú ìwé, nǹkan kan bí iná mànàmáná máa ń sáré láti orí ìka dé àyà obìnrin náà. Mo dúró, mò ń retí rẹ̀. Ó jọ pé NEPA ló ń pín tèmi, kò dé. Síbẹ̀, mo ti pinnu. Òun náà ni.

Ṣùkúrát ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Àwa méjèèjì la jọ ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà, a sì ti jọ wà láti kékeré, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bọ̀wọ̀ fún mi.

"Ó ga?" ló bi mí.

"Ó ga ní ọkàn."

"Ó lówó?"

"Ó ní àwọ̀n."

"Àwọ̀n kẹ̀? Apẹja ni?"

"Àdán ló fi ń mú."

Ṣùkúrát gbé àlùmọ́gàjí lélẹ̀. "Morìn, ṣé ìwọ yìí kọ́ lo ní dókítà ni wàá fẹ́, dókítà tó ní ẹ̀dùn ọkàn? Apàdán! Ṣé ó tiẹ̀ ti sọ nǹkan kan fún ọ?"

"Ó ní kí n bá òun di àkàbà mú."

"Háà. Ẹ lọ máa wá gbọ̀ngàn tí ẹ ó ti ṣe ìgbéyàwó o."

Ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Oṣù kan ni Bọ̀dá Fẹ́mi máa lò lọ́dọ̀ wa. Kí oṣù náà tó parí, ó gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé òun fẹ́ mi. Mo sọ èyí fún Ṣùkúrát, mo sì sọ ọ́ fún Ọlọ́run pẹ̀lú ààwẹ̀ tí màmá mi fi mọ́ín-mọ́ín já mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọ̀sán.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Bọ̀dá Fẹ́mi máa ń ta àwọ̀n sáàárín igi gúáfà méjì lẹ́yìn ilé wa, níbi tí àwọn àdán kéékèèké ti ń wá jẹ èso. Kì í ṣe àwọn ńlá tí àwọn ọlọ́dẹ ń tà lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé. Kékeré ni wọ́n, ojú wọn dà bí ojú ajá tó mọ̀ pé òun jalè. Ó kó wọn sínú àgò ní igun sítóò. Láti àjà sítóò ló ti so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wálẹ̀, òmíràn níbí, òmíràn lọ́hùn-ún, gbogbo ilé náà wá dà bíi pé òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀ tó sì dúró lójú ọ̀run. Ní ìparí gbogbo okùn náà ló gbé ìbẹ́pẹ sí. Àdán á gbéra láti apá ibí, á yà láàárín àwọn okùn, á lọ bá ìbẹ́pẹ lọ́hùn-ún, kámẹ́rà kékeré kan á sì máa ká a sílẹ̀.

Ó nílò ẹni tó máa di àdán mú tí òun á fi ráyè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Màmá mi ní, "Morìnsọ́lá wà, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, ó ń rán aṣọ." Mi ò jẹ màmá mi ní gbèsè ọpẹ́ kankan tó tó ìyẹn rí.

Àdán àkọ́kọ́ tó gbé lé mi lọ́wọ́, mo kígbe. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí púpọ̀ o. Nínú ìwé, obìnrin máa ń kígbe ni, ọkùnrin á wá dì í mú ní èjìká.

"Má kígbe," ni Bọ̀dá Fẹ́mi wí. "O ń dẹ́rù bà á."

Àdán ló ń sọ.

Ó na apá ẹranko náà sórí pákó bí ìgbà tí à ń na aṣọ sórí tábìlì kí a tó gé e. Èmi tí mo mọ aṣọ, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó fẹ́lẹ́ ju ṣífọ́ọ̀nù lọ. Iná tọ́ọ̀ṣì là á kọjá, iṣan rẹ̀ hàn wẹ́wẹ́ bí òwú.

"Ọwọ́ ni," ó ní. "Wo àtàǹpàkò rẹ̀ níbí, tó rí bí ìwọ̀. Ìwọ̀nyí ni ìka yòókù. Wọ́n kàn gùn ni, awọ sì so wọ́n pọ̀. Gba awò yìí kí o fi wò ó dáadáa. Kí lo rí?"

Mo gba awò tó ń sọ nǹkan di ńlá náà. "Irun. Ó kéré gan-an. Ó dà bí irun etí ọmọ tuntun."

"O ṣeun. Gbogbo ayé ń sọ ti ojú àdán, wọ́n ń sọ ti etí àdán. Irun yìí lèmi ń bá kiri. Ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wú díẹ̀ bí kókó, abẹ́ kókó yẹn sì ni nǹkan kan wà tó ń mọ̀ bí nǹkan bá kan ara, irú èyí tó wà lórí ìka tèmi tìrẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń lọ geere lórí apá, irun á tẹ̀ sẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ dàrú, tí ẹranko yìí fẹ́ já bọ́, irun á yí padà. Ara rẹ̀ á ti mọ̀, á ti ṣẹ́ apá bó ṣe yẹ, kí orí rẹ̀ tó rò ó rárá."

"Kí orí tó rò ó," ni mo tún sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì wò ó lójú.

"Bẹ́ẹ̀ ni." Àdán ló ń wò. "Ìfọwọ́kàn tó fúyẹ́ jù lọ ni. Wò ó." Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ láti ẹnu rẹ̀ sórí apá náà. Àdán náà ká apá mọ́ra wéré. Díẹ̀ lára èémí rẹ̀ kan ọrùn ọwọ́ mi, mo sì gbé ọwọ́ náà lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin. Mi ò fi fọ abọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọ lọ́wọ́?" ni Ṣùkúrát bi mí lọ́jọ́ kejì.

"Àdán ló fẹ́ ẹ sí. Èyí tó ṣẹ́kù ló kàn mí."

"Áà, Morìn. O wá ń jẹ àjẹkù àdán."

Mo mọ ohun tí mo rí. Ní ìrọ̀lẹ́, Bọ̀dá Fẹ́mi máa ń gun orí àpáta lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, á dá dúró, á gbé ojú sókè, á máa wo ibi tí oòrùn ń wọ̀. Mo ní, ọkùnrin yìí ní nǹkan nínú tí kò rẹ́ni sọ fún. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ń wá, torí ní ọdún yẹn, fóònù ti ń dún káàkiri Ìkọ̀lé àti Ìdó, àmọ́ ní Ìsàn, orí àpáta yẹn nìkan lèèyàn ti lè pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì ló ń pè. Mo dárí jì í.

Ó pín àwọn àdán náà sí ọ̀nà méjì. Fún àwọn kan, ó fi kírímù tí àwọn obìnrin ìgboro fi ń re irun ẹsẹ̀ pa wọ́n lápá, ó dúró díẹ̀, ó nù ún kúrò, irun wẹ́wẹ́ náà sì bá a lọ. Kò dùn wọ́n. Àwọn yòókù, omi lásán ló fi nù wọ́n lápá. Èmi ni mo so òwú pupa mọ́ ẹsẹ̀ àwọn tí kò nírun mọ́, mo so búlúù mọ́ àwọn tó nírun. Mo sì sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó dára jù nínú àwọn onírun ni Réímọ́ńdì. Èyí tó ń bínú jù nínú àwọn tí a re ni Kílẹ́mẹ́ńtì.

"Nọ́ńbà ni mo fún wọn," ni Bọ̀dá Fẹ́mi wí.

"Ẹ máa pe nọ́ńbà yín, ẹ jẹ́ kí n máa pe tèmi."

Ìgbà tí wọ́n fò, ẹnu yà mí, àní èmi tí mi ò wá wo àdán. Réímọ́ńdì gbéra, ó yà láàárín okùn bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ aṣọ, ó ṣẹ́rí gẹ́ẹ́ níwájú ògiri, ó bà lé ìbẹ́pẹ. Okùn kan ò mì. Kílẹ́mẹ́ńtì wá gbéra. Eré tirẹ̀ pọ̀ jù. Ó yà gbàgàdà bí lọ́rì agégẹdú tó ń yà ní oríta Ìfàkì, ó gbá okùn kan, ó gbá òmíràn, ó fara gbá ògiri kó tó dé ìdí ìbẹ́pẹ.

"O rí i?" Bọ̀dá Fẹ́mi ń fò sókè bí ọmọdé. "O rí i bí kò ṣe mọ afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ mọ́?"

Mo ní mo rí i. Òun ni mò ń wò. Bó ṣe ń fò sókè yẹn, ó tiẹ̀ ga díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ lọ fi ohun tí kámẹ́rà ká han ọ̀gá òun, òun á sì lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní tí òun bá dé, àwọn máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá òun lójú, nítorí ọ̀gá òun kì í gba ohun tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó fi àdán sí mi lọ́wọ́. Kí n máa fún wọn ní ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kí n máa wọ́n omi sí wọn lára díẹ̀díẹ̀, torí ọyẹ́.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le lóòótọ́. Ètè ń ya, gìgísẹ̀ ń ya, ilẹ̀kùn ń ké. Ní ilé wa, ìwòsàn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ìyẹn: òrí. Màmá mi gba òrí gbọ́ ju bí àwọn kan ṣe gba dókítà gbọ́ lọ. Ó ń fi í pa ẹsẹ̀, ó ń fi í sí imú ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe, ó ń fi í pa etí ewúrẹ́, ó fi í pa ìdè ilẹ̀kùn, ìdè ilẹ̀kùn sì dákẹ́. Bí Bọ̀dá Fẹ́mi ṣe ń sín níjọ́ tó ń lọ, màmá mi fi òrí di ihò imú rẹ̀ méjèèjì kó tó jẹ́ kó gun ọ̀kadà.

Ní ọjọ́ kejì tó lọ, mo rí i pé apá Kílẹ́mẹ́ńtì gbẹ. Etí apá náà ti ń rí bíi bébà. Àánú ṣe mí, kí n má parọ́. Àmọ́ kì í ṣe àánú nìkan. Mo ti kà á níbi tó pọ̀ pé bí ọkùnrin bá rìnrìn-àjò, obìnrin a máa tọ́jú ẹṣin rẹ̀. Tí ọkùnrin náà bá dé, tó rí bí ara ẹṣin ṣe ń dán, á fọwọ́ kan ọrùn ẹṣin náà, á dákẹ́, á wá wojú obìnrin náà bí ẹni tí kò rí i rí. Bọ̀dá Fẹ́mi ò lẹ́ṣin.

Mo bu òrí. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbo ó títí ó fi yọ́. Mo fi pa apá Kílẹ́mẹ́ńtì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń dán bí bàtà ọmọ ìyàwó. Mi ò fẹ́ ṣe ojúsàájú, mo fi pa Réímọ́ńdì náà. Mo fi pa gbogbo wọn, olówùú pupa, olówùú búlúù, ní àràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń dán lórí igi tí wọ́n so rọ̀ sí bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ lọ sí ìsìn àjíǹde.

Bọ̀dá Fẹ́mi dé. Ó wọ sítóò. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ti wọ bùláòsì tí mo rán fúnra mi, mò ń retí kó fọwọ́ kan ọrùn àdán, kó dákẹ́, kó yíjú sí mi.

"Ó dáa, wọ́n ṣì wà láàyè," ó ní, ó sì fọn imú.

Ó ṣí Réímọ́ńdì sílẹ̀. Réímọ́ńdì gbéra, ó yà gbàgàdà, ó gbá okùn àkọ́kọ́, ó gbá ìkejì, ó já sínú garawa omi. Ó ṣí òmíràn sílẹ̀ nínú àwọn onírun. Ìyẹn lọ gbá ògiri. Ó ṣí gbogbo wọn, ó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ó tún un ṣe lọ́jọ́ kẹta. Kò sí ìyàtọ̀ mọ́. Èyí tó nírun àti èyí tí kò nírun, ọ̀kan náà ni wọ́n. Gbogbo sítóò kún fún àdán tó ń forí gbá okùn.

Ó jókòó sórí àpò. "Àṣé kì í ṣe irun," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Àṣé èyí tí mo rí lọ́jọ́sí, ó kàn ṣèèṣì ni. Ọ̀gá mi ń retí mi lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni mo wá ṣe ní Ìsàn?"

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé èmi ni ó wá rí. Mo rọra ní, "Ẹ má banú jẹ́, Bọ̀dá Fẹ́mi. Bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni." Nítorí pé mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n lóòótọ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo fi kún òrí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ṣùkúrát bá mi wá sílé kó lè fojú ara rẹ̀ rí ọkùnrin náà. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn sítóò, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó wo Bọ̀dá Fẹ́mi, ó wò mí, ó wo Bọ̀dá Fẹ́mi. "Èyí náà?" ó ń fi ètè sọ ọ́ láìlohùn. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó ṣe sùúrù.

Bọ̀dá Fẹ́mi ki ọwọ́ bọ àgò, ó gbé Réímọ́ńdì. Réímọ́ńdì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọṣẹ. Ó tún gbé e, ó tún yọ̀. Ó wá dúró. Ó pa àtàǹpàkò àti ìka pọ̀, ó ń fi wọ́n ra ara wọn. Ó wo ìka rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó wò mí.

Mo fi Ọlọ́run búra, ìwò náà ni. Èyí tó wà nínú ìwé.

"Morìnsọ́lá," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Sún mọ́ mi."

Mo sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó mú ọwọ́ mi. Ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wá fi àtàǹpàkò rẹ̀ rọra fà á láti àárín dé orí ìka. Mo gbọ́ tí Ṣùkúrát dákẹ́ ẹ̀pà jíjẹ. Ó gbé ọwọ́ mi sókè díẹ̀díẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀. Mo mọ ohun tó kù. Mo pa ojú dé.

Ó gbé ọwọ́ mi sí imú. Ó fà á símú gidigidi, lẹ́ẹ̀mejì, torí imú rẹ̀ kan ti dí.

"Òrí," ó ní.

Mo la ojú.

"Òrí ni, àbí? O fi òrí pa àwọn àdán yìí?"

"Apá wọn ló gbẹ..."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Mi ò ṣe ojúsàájú."

"Lójoojúmọ́?"

"Láàárọ̀. Àti ní ìrọ̀lẹ́."

Bọ̀dá Fẹ́mi padà jókòó sórí àpò. Ó gbé ojú sínú ọwọ́, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo ní mo ti pa á. Nínú ìwé, ọkùnrin kì í sunkún àfi lẹ́ẹ̀kan, ìgbà náà sì ni obìnrin máa ń gbá orí rẹ̀ mọ́ àyà. Mo ti ń na ọwọ́, ọwọ́ olóòrí yẹn náà, kí n tó rí i pé ẹ̀rín ló ń rín.

"Irun lẹ̀ mọ́ awọ!" ó ń kígbe. "Irun kúkú wà níbẹ̀, òrí ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni! Afẹ́fẹ́ ń kọjá lórí wọn, ara wọn ò mọ̀! Morìnsọ́lá, gbé omi wá. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àti ọṣẹ ọmọ kékeré, bó bá wà."

Lẹ́nu ilẹ̀kùn, Ṣùkúrát ti jókòó sílẹ̀. Ẹ̀pà ti há a lọ́fun, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó gbóòórùn ọwọ́ ẹ," ni ohun tó ń rí sọ. "Yé, ó gbóòórùn ọwọ́ ẹ."

A wẹ àdán láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Èmi ń di ara mú, òun ń fi òwú wẹ apá, Ṣùkúrát ń pọn omi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá mi kọjá, ó dúró. "Uwẹ̀ ni ẹ ń wẹ àdán?"

"Òrí ni a ń fọ̀ kúrò, mà," ni Bọ̀dá Fẹ́mi wí.

Ojú màmá mi yí padà. "Kí ni òrí ṣe yín?" Ó sì bá tirẹ̀ lọ, ó ń kùn pé ọmọ ulé ìwé kankan kò ní í fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ara wọn ti gbẹ. Bọ̀dá Fẹ́mi tan kámẹ́rà. Ó ṣí Réímọ́ńdì sílẹ̀. Réímọ́ńdì gbéra. Ó gba àárín okùn kìíní, ó gba ìkejì, ó yí ara padà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣẹ́rí gẹ́ẹ́ níwájú ògiri. Ó bà lé ìbẹ́pẹ, ó ń jẹ. Okùn kan ò mì. Àwọn olówùú búlúù yòókù ń ṣe bákan náà. Kílẹ́mẹ́ńtì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yà gbàgàdà bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Irun tí kírímù mú lọ, ó máa pẹ́ kó tó hù," ó ń sọ ọ́ kíákíá, kò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Àmọ́ ti òrí, a fi pa á, a fọ̀ ọ́ kúrò, àdán kan náà ni! Lánàá kò mọ afẹ́fẹ́, lónìí ó mọ̀ ọ́n! Kò sẹ́ni tó máa ní bóyá èyí ya ọ̀lẹ, èyí ò ya ọ̀lẹ!" Ó na apá méjèèjì, ó yí po bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa dì mọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Màmá mi ló ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú abọ́ iyán, òun ló dì mọ́, tiyán-tiyán.

Nígbà tí màmá mi ti jáde, tó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, mo ní, "Bọ̀dá Fẹ́mi, èmi ńkọ́?"

"Ìwọ náà, o ṣeun gan-an ni."

"Kì í ṣe ọpẹ́ ni mò ń wí. Ṣé ẹ fẹ́ mi?"

Mo gbọ́ ohùn ara mi. Kò sí ọmọbìnrin kan nínú gbogbo ìwé tí mo kà tó bèèrè báyìí rí. Wọ́n á kọ́kọ́ dákú ni. Ṣùkúrát, tó kó okùn kan dání lẹ́nu ilẹ̀kùn, jẹ́ kó bọ́.

Bọ̀dá Fẹ́mi pa kámẹ́rà. Ó wò mí, lọ́tẹ̀ yìí èmi gan-an ló wò. "Rárá, Morìnsọ́lá," ó ní.

"Bí àbúrò lẹ ṣe rí mi?" Mo ń ràn án lọ́wọ́ ni. Nínú ìwé, ọkùnrin tó bá pe obìnrin ní àbúrò ní ìdajì ìwé, kó tó di òpin ó ti gbé e sọ́wọ́.

"Mi ò ní àbúrò obìnrin, mi ò mọ bó ṣe ń rí." Ó fọn imú, kì í ṣe torí ọ̀fìnkìn. "Mo ti mọ̀ pé o fẹ́ mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé bí mi ò bá sọ nǹkan kan, á lọ fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. Má bínú. Mi ò fẹ́ ọ, mi ò sì fẹ́ kí o máa retí mi."

"Ọkàn èèyàn lè yí padà o."

"Tèmi ò ní í yí padà."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò wo ilẹ̀. Mo wá ihò kan nínú ọ̀rọ̀ náà tí mo lè gbà wọlé, mi ò rí i.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," mo ní. "Ṣé kí n gbé Kílẹ́mẹ́ńtì padà sínú àgò?"

"Jọ̀ọ́."

Mo sin Ṣùkúrát dé ojú ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, ìyẹn ló tún wá dun mí jù.

"Ọkùnrin yẹn ti ń sọ fún ọ láti ọjọ́ pípẹ́," ó ní. "O bá a jókòó, ó sún àga rẹ̀. O ní ó ń ṣe àyè fún ọ. Ó pè ọ́ kí o wá gbé ìbẹ́pẹ, o lọ kun ètè. Morìn, ìwé wọ̀nyẹn lòrí tìẹ."

"Má fi àdán wé mi."

"Àdán sàn. Àdán gbà kí wọ́n fọ òun."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, a kó wọn lọ sábẹ́ igi gúáfà, a tú wọn sílẹ̀. Ó gbé Réímọ́ńdì lé mi lọ́wọ́ pé kí n fọwọ́ ara mi tú u. Mo já òwú búlúù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo la ọwọ́. Kò lọ kíá. Ó na apá, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ díẹ̀, ó wá gbéra, apá rẹ̀ sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí mi lójú. Mo ń wá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan tí mo lè fi wé e. Kó tó di pé mo rí i, ó ti lọ bá gúáfà tó pọ́n.

Ní àárọ̀ Sátidé, Bọ̀dá Fẹ́mi di ẹrù, ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní bí wọ́n bá bi òun lọ́hùn-ún ta ló kọ́ òun ní ti òrí, òun á pe orúkọ mi. Ọ̀kadà gbé e lọ sí Ọ̀yẹ́. Kò bojú wẹ̀yìn, mo mọ̀, torí mo dúró títí eruku fi rọlẹ̀.

Mo wọ yàrá, mo dùbúlẹ̀. Ọmọbìnrin tí ìfẹ́ rẹ̀ bá ti já báyìí, ibà ló máa ń dá a. Á rù, ojú rẹ̀ á jìn, wọn á máa rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé nítorí rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi. Ó tutù. Mo dúró dè é títí di ọ̀sán.

Màmá mi yọjú. "Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ìfẹ́ ni, mà."

"O ti jẹun?"

"Rárá."

"Iyán àná ni mo fi sábẹ́ igbá. Ọbẹ̀ wà lórí uná."

Mo ní kí n dìde jẹ díẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ ṣàìsàn tó máa pẹ́ gbọ́dọ̀ lókun. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo wá jáde lọ bi í bóyá ó kù.